Iná Ọwọ́ Ọ̀tún Tí Mo Tàn fún Mukhtar

Alhaja Modinat, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí omi tí ẹ gbé fún mi yìí ṣì wà nílẹ̀ ná. N kò lè mu ún. Nígbà tí mo ránṣẹ́ sí yín pé mo ń bọ̀ ní Onígbòǹgbò, tí mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí Mukhtar bá mi wọlé, ẹ rò pé mo fẹ́ bá a bẹ̀ yín ni, kí ẹ lè máa jẹ́ kí ó rí Uswat ọmọ rẹ̀. Òun náà, bí ó ṣe jókòó sórí àga yẹn tó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan, ohun tó rò nìyẹn. Irọ́ ni mo pa fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò. Ó pé ọdún méje báyìí tó ti há mi lọ́fun, n kò gbé e mì, n kò sì pọ̀ ọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi kò lágbára mọ́, pé kí n má gun àtẹ̀gùn, kí n má sì máa bínú. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ti ìbínú. Kò mọ̀ pé ojú egbò ni òun fọwọ́ kàn.

Ẹ mọ̀ mí sí Bàbá Suara, ẹni tó yọ Mukhtar nínú ọkọ̀ tó rún. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí ẹ tó mọ̀ mí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ kan tí ń lọ fúláwà ní Ìkejà. A ó di ẹrù lápá Ọba Akran, a ó já díẹ̀ fún àwọn ilé búrẹ́dì ní Agége, a ó sì gbé ìyókù gba Sàngó lọ sí Abẹ́òkúta. N kò mutí rí. N kò sùn nídìí ọkọ̀ rí. Àmọ́ mo kórìíra àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi ju bí mo ṣe kórìíra olè lọ. Ẹni tó bá gba ọwọ́ ọ̀tún já sí mi níwájú, èpè ni. Ẹni tó bá tan iná gíga sí mi lójú, èpè. Ẹni tó bá dúró sáàárín títì tó ń kí ẹni tí ń bọ̀, "Àwọn ọmọ ń kọ́?", tí gbogbo ayé ń dúró dè é lẹ́yìn, n ó bú u kan ìran rẹ̀ kẹrin. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ẹni tí yóò máa fọn fèrè mọ́ mi nídìí. Mo gbé ogún tọ́ọ̀nù sẹ́yìn, ìwọ ń fọn fèrè. Ṣé kí n fò ni? Ìyàwó mi, tó ń fi orúkọ ọmọ wa pè mí, a máa sọ pé, "Bàbá Wasiu, ẹ ò lè kọ́ gbogbo Èkó níwà." N ó ní n ó gbìyànjú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí nílé, ẹ lè bi wọ́n. Bí mo bá ti gun ọkọ̀, mo di adájọ́ nìyẹn.

Àwa awakọ̀ akẹ́rù ní àṣà kan tí a fi ń bá àwọn tó wà lẹ́yìn wa sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ wa ga, ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè rí iwájú, àwa la máa ń bá a rí i. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú, a ó tan iná kékeré tí ń ṣẹ́jú, tí a ń pè ní tráfíkétọ̀, ti ọwọ́ òsì: má kọjá o. Bí ọ̀nà bá mọ́, a ó tan ti ọwọ́ ọ̀tún: máa bọ̀, kọjá. N kò rí i nínú ìwé òfin ìrìnnà kankan, ẹnì kankan kò sì fọwọ́ sí i. Síbẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn á fi ẹ̀mí rẹ̀ lé e, á yọ, á kọjá, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan láti fi dúpẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pè é ní àmánà, ohun tí a fọkàn tán ẹni lé lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá fi iná yẹn purọ́, kí ó má retí pé ènìyàn ni yóò dá ẹjọ́ òun.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ọyẹ́ sì mú. Ní Ọgbà, ẹnì kan tó wa jíìpù já sí mi níwájú, mo tẹ bíréèkì débi tí gbogbo ẹrù fi mì jìgìjìgì. Bí mo ṣe ké mọ́ ọn, ó yọ ọwọ́ lójú fèrèsé, ó la ìka márààrún sí mi, ó ní, "Àgbàyà, orí ẹ ti dàrú!" Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Jubril, ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá ilé iṣẹ́ wa ta ọjà, ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìwọ̀sí yẹn sínú láti Ọgbà títí mo fi kọjá Àbúlé-Ẹ̀gbá.

Lápá ibẹ̀, wọ́n ti dí apá kan títì, wọ́n ń tún un ṣe. Àwa tí ń lọ àti àwọn tí ń bọ̀, apá kan ṣoṣo la jọ ń lò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè lẹ́yìn mi. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ń fọn, ó ń tan iná gíga sínú dígí mi, ó ń yọ imú sí òsì, ó ń padà. Jubril ní, "Bàbá Suara, ẹni yìí fẹ́ gùn wá lẹ́yìn o." Mo ní, "Kó máa fọn ọ́n. Ṣé bàbá ẹ̀ ló la títì ni?" Fèrè náà kò dáwọ́ dúró. Orí mi gbóná. Gbogbo awakọ̀ tó ti fi ojú mi gbolẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òun ni mo kà á sí, pàápàá jù lọ ẹni tó la ìka sí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo wá rí típà kan níwájú tó kó yanrìn, tó ń sáré bọ̀. Jubril náà rí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó yọjú díẹ̀ kó rí ikú. Ariwo ẹ̀ á sinmi." Ẹ má di ẹ̀bi ru Jubril. Ẹnu ni tirẹ̀, èmi ni mo ni ọwọ́. Mo gbé ọwọ́ náà, mo sì tan iná ọwọ́ ọ̀tún.

Ọdún méje ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rù lásán ni mo fẹ́ dà bò ó, pé mo rò pé yóò tètè rí típà yẹn, yóò sì sá padà sẹ́yìn mi. Ẹ má gbà á lẹ́nu mi. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ tó mi mọ bí típà ṣe jìnnà sí. Mo mọ̀. Mukhtar yọ wẹ́rẹ́, láìṣiyèméjì, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ pè. Mo gbọ́ ìró náà kí n tó rí ohunkóhun.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ni mo gbà kí n lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Okùn tí a fi di tàpólì tó bo ẹrù ti já, bóyá láti ìgbà tí mo ti tẹ bíréèkì ní Ọgbà. Àpò fúláwà méjì ti yọ jáde, díẹ̀ ló kù kí wọ́n já bọ́, àwọn ọlọ́kadà sì ń gba abẹ́ wọn kọjá. Mo dúró bí òpó. Ohun tí ọmọ yẹn ń tìtorí rẹ̀ fọn fèrè nìyẹn. Kò bú mi, kò sì kánjú. Ó ń kìlọ̀ fún mi ni.

Alhaja, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde. Simbiat ọmọ yín wà nínú ọkọ̀ yẹn, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. N kò lọ bá a. Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, mo ti àpò méjèèjì padà, mo sì so okùn. Kókó méjì ni mo ta sí i. Jubril wà nísàlẹ̀, ó ń wò yíká, ó ní, "Bàbá, ẹ ò rí nǹkan kan o. Èmi náà ò rí nǹkan kan." Ìgbà tí kókó kejì dì dáadáa ni mo tó sáré lọ. Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Mo fa ilẹ̀kùn ya, mo gbé Mukhtar pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn sí mi lọ́rùn, wọ́n sì ń kígbe pé, "Bàbá, Ọlọ́run á san yín lẹ́san!" Nígbà náà, ohùn Simbiat ti dákẹ́. Bóyá ibi tí mo ti ń ta kókó ló ti dákẹ́, bóyá n kì bá tilẹ̀ lè ṣe nǹkan kan. N kò mọ̀, n kò sì ní mọ̀ títí n ó fi kú.

Mo sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé eré àsápajúdé ni ọmọkùnrin náà ń sá, pé n kò mọ ìgbà tó já jáde lẹ́yìn mi. Awakọ̀ típà náà, tí orí kó yọ, ní ọkọ̀ kan ṣàdédé yọ sí òun ni. Mo fọwọ́ sí ìwé. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ Simbiat, nínú pálọ̀ yìí, ẹ bi mí, Alhaja. Ẹ ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni pé ìwàkuwà ni Mukhtar ń wa ọkọ̀?" Mo wolẹ̀. Mo ní, "Alhaja, àwọn ọmọ ìwòyí, ìkánjú wọn ti pọ̀ jù." Ẹ gbé Uswat, tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan, mọ́ àyà, ẹ ní ẹni tó pa ọmọ yín kò ní tọ́ ọmọ ọmọ yín. Lèmọ́mù ṣe àdúrà, èmi náà sì ń ṣe àmín.

Ẹ ó rò pé ìyẹn ló burú jù. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Mukhtar, mo lọ kí i nílé ìwòsàn, torí gbogbo ayé ń retí pé kí n lọ wo ẹni tí mo gbà là. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá, okùn ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ló já. Mo fọn fèrè títí. Mo ti fẹ́ fi yín sílẹ̀, Simbiat ló ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀, pé àpò yẹn lè já lu ọlọ́kadà, pé ká wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ká sọ fún yín. Mo rí i tí ẹ tan ti ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ni mo fi yọ. Àbí ẹ ò tàn án ni? Bàbá, ẹ sọ fún mi, torí mi ò mọ ohun tí mo rí mọ́." Ó tẹjú mọ́ mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè lójú ayé àti lójú ọ̀run. Mo fi ọwọ́ pa á lórí, mo ní, "Ojú rẹ ni, ọmọ mi. Okùn mi kò já. N kò tan nǹkan kan." Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Òun ló ń bẹ̀ mí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹ oúnjẹ iléyá yín, tí mo ń gba àdúrà yín, tí ẹ ń pè mí ní ẹni Ọlọ́run rán. Ara mi ti mọ́ ọn, kí n má purọ́. Àfi Jímọ̀ tó kọjá yìí. Lẹ́yìn ìrun, ní mọ́ṣáláṣí wa ní Agége, Lèmọ́mù ní kí ẹnì kan bá àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ sọ̀rọ̀. Mukhtar ló fi ọ̀pá dìde. Ó ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Ìkánjú ni mo fi pa ìyàwó mi. Ojú mi tàn mí jẹ, mo rí ohun tí kò sí. Ọmọ mi ń dàgbà ní Onígbòǹgbò, mi ò sì lẹ́nu láti pè é." Ó wá nàka sí mi, ó ní, "Bàbá yìí ló pọ̀n mí jáde. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn." Gbogbo mọ́ṣáláṣí yíjú sí mi, wọ́n ń dúpẹ́. Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlé.

Mukhtar, gbé ojú sókè. Ojú rẹ kò tàn ọ́ jẹ. Okùn mi já. Mo tan ti ọwọ́ ọ̀tún. Mo rí típà náà kí n tó tàn án. Ohun gbogbo tí o rí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni o rí bó ṣe rí gan-an, èmi ni mo jí i mọ́ ọ lójú. Alhaja, ọkọ Simbiat kọ́ ló pa á. Oore ni àwọn méjèèjì ń ṣe fún mi nígbà tí mo ṣe wọ́n ní ibi. Lọ́la, bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá mi, n ó lọ bá àwọn ọlọ́pàá láti sọ pé irọ́ ni ìwé tí mo fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá fẹ́ tì mí mọ́lé, ẹ̀tọ́ wọn ni. Bí wọ́n bá sì tún ní kí o bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, Mukhtar, bá mi sọ fún wọn pé ẹni tí ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn lè máa rí ohun tí àwọn kò rí. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò.

N kò ní kí ẹ foríjì mí lónìí. N kò tó o bẹ̀. Alhaja, ẹkún yín tọ́, ẹ sun ún. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Mo ń gbọ́ ohùn Uswat nínú yàrá, mo sì mọ̀ pé bí ẹ bá pè é, àgbà ni yóò kọ́kọ́ kí, bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n jáde ná. Kí ó má kúnlẹ̀ fún mi kí ó tó kí bàbá rẹ̀.