Àwòrán Kan Tí Mo Fi Ṣe Méjì

Mo purọ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi níwájú ìgbìmọ̀ yunifásítì, wọ́n sì lé e. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí. Dókítà ti sọ iye oṣù tó kù fún mi, n kò sì fẹ́ kí irọ́ náà pẹ́ jù mí lọ láyé. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí ni mo ń kọ ọ́ sí.

Ohùn ni iṣẹ́ wa. A to ogún àpótí onígi sórí ìlà kan, a fi makirofóònù àti sípíkà sáàárín wọn, a sì ṣètò wọn kí ohùn máa le sí i bó bá ń lọ sí ọ̀tún, kó sì máa kú bó bá ń bọ̀ sí òsì. Nínú àpótí lásán, ohùn a máa tàn ká. Nínú tiwa, ibikíbi tí a bá ti pariwo, ìkángun ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ jọ sí. Ẹ̀rí kan ló kù: kí a yí ètò náà padà, kí ariwo sì wọ́ jọ sí òsì. A yí i padà. Ọ̀tún náà ló tún lọ.

"Ọ̀gá, àpótí nọ́ńbà ogún lọ́wọ́ ọ̀tún yìí ló ń hu fúnra rẹ̀," ni oníṣẹ́ wa tí à ń pè ní Bàbá Wáyà wí. "Bí gbogbo wa bá dákẹ́, òun ò ní dákẹ́. Oṣù mẹ́ta la máa fi tún un ṣe."

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ní láti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn onímọ̀ tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo mú àwòrán tó fi ohùn àpótí kọ̀ọ̀kan hàn nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́, mo fi nọ́ńbà ogún sípò ení, ení sípò ogún, mo sì pè é ní àyẹ̀wò kejì. Bàbá Wáyà rí mi. Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ò rí nǹkan kan o. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì látàárọ̀."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà jáde, akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, gbé àwòrán méjèèjì lé ara wọn lórí gíláàsì fèrèsé, ó dojú ọ̀kan dé.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ariwo ìlẹ̀kùn tó gbá lọ́jọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ wà nínú méjèèjì, níbì kan náà. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹlòmíì tó rí i."

Ó ní "ká". Ó ka ara rẹ̀ mọ́ mi. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kejì, mo fi í sùn ní yunifásítì pé òun ló yí àwòrán náà.

Ìgbìmọ̀ bi Bàbá Wáyà léèrè. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. "Ìdí wáyà lèmi máa ń wà, ẹ̀yin àgbà."

"Ọ̀gá, ẹ sọ òótọ́ fún wọn," ni ọmọ náà wí. Mo ní kí wọ́n ṣàánú rẹ̀, kí wọ́n má fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Ìyá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi, ó kúnlẹ̀. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá ọmọ mi bẹ̀bẹ̀. N kò mọ ibi tó ti kọ́ èrú. Ẹ̀yin náà ò ní rí ìtìjú ọmọ." Mo ní, "Àmín, ìyá." Mo gbé e dìde.

Lóṣù tó kọjá, mo kọ òótọ́ sí yunifásítì. Wọ́n gba oyè ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn kò ní oyè tí àwọn lè dá padà fún akẹ́kọ̀ọ́ náà, torí àwọn kò fún un rí. Mo kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fèsì, ìlà méjì péré: ìyá wọn ti kú lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, títí tó fi kú, kò gba ọmọ náà gbọ́.