Ọkọ Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Ìyàwó Ẹ̀

Láyé ìjọba sójà, nínú mọ́tò tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, obìnrin méjì tí wọn ò mọra rí jókòó síwájú mi, ẹ̀rín sì ń pa èyí tó kéré.

“Ìyá, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún mi!”

“Ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé? Kí lo fún un jẹ?”

“Mi ò fún un ní nǹkan kan, mà. Ó jí láàárọ̀, ó nà gbalaja, ó ní, ‘Ẹ káàárọ̀, mà.’ Àwọn àbúrò ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi wo ẹyinjú ẹ̀, ó pọ́n bí iyeyè. Mo ní ara ọkùnrin yìí ò lè yá kó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo gbé e, ó di ọsibítù n’Ìbàdàn.”

“Kí ni wọ́n rí?”

“Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ wá gun orí ẹ̀, kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dànù, wọ́n fi ti ẹlòmíràn rọ́pò. Dókítà ní ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń ṣe é fún ni kì í dìde, torí wọ́n ti máa ń sùn lọ fọnfọn kí wọ́n tó gbé wọn dé. Ó ní kíndìnrín tiẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì tètè dé.”

“Ó ti wá yá?”

“Lánàá ló pariwo mọ́ mi pé ọbẹ̀ ò láta. Mo jó yí wọ́ọ̀dù ká!”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí, ló bá ta gìrì.

“Láti ìjẹta ni bàbá tó fẹ́ mi sílé ti ń fi ‘ẹ’ bá mi sọ̀rọ̀,” ló wí. “Inú mi sì ń dùn! Dẹ́rẹ́bà, tẹná!”