Bàbá Àgbà Ló Jàre

Nínú bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road nílùú òyìnbó ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu bàbá arúgbó kan àti ọmọ wọn obìnrin tí wọ́n jókòó níwájú mi.

"Daddy, mo ti rí fáìlì Bàbá Àgbà láàárín ìwé ológun àtijọ́. Ọ̀rọ̀ owó rúpì tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún ni, èyí tí wọ́n fi pamọ́ lójú ogun Burma. Nígbà tí wọ́n dé Èkó, akọ̀wé ológun bá wọn ṣẹ́ ẹ sí ṣílè, ìdajì ló fún wọn."

"Mo mọ ìtàn yẹn. Gbogbo ẹbí ló ní irọ́ ni, pé ọtí ni wọ́n fi owó náà mu."

"Kì í ṣe irọ́ o. Nígbà tí wọ́n kọ̀wé fẹjọ́ sùn, àwọn ọ̀gá ológun tún owó náà ṣírò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé Bàbá Àgbà ló jàre. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn ṣì wà nínú fáìlì. Wọn ò fi ránṣẹ́."

Bàbá náà ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé itan.

"Bàbá mi jàre," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ nílùú yìí, mo pe bàbá mi ní onírọ́ lójú ìyá mi. Bàbá mi kàn gbé àpótí mi rù, wọ́n sìn mí dé ibi ọkọ̀. Mi ò tún fojú kàn wọ́n mọ́."