Oògùn Ìdun Tí A Fín ní Under G

Nígbà tí ẹ̀yìn mi ṣì lè gbé táǹkì oògùn... ẹ jẹ́ kí n dìde díẹ̀. Mi ò lè jókòó sọ eléyìí.

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ gbọ́, oògùn kòkòrò tí mò ń fín kiri ilé onílé ni mo fi tọ́ ìyá yín. Ìdun, aáyán, ikán... èwo ni mi ò bá jà? Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwa tó ń fín oògùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà.

Bọ̀ọ̀dá Lásísì, ará Ọ̀yọ́, ló kọ́ mi níṣẹ́. Kì í kánjú. Á dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, á máa fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Á ní, "Rámọ́tù, má tíì fín nǹkan kan. Kòkòrò tí o ò bá mọ ibi tó ń sùn, o ò lè lé e." Ọdún méje la jọ ṣe é.

Ìgbà tó yá, iléeṣẹ́ tó gbà wá ní èmi ni màá máa ṣe olórí àwọn tó ń fín oògùn. Olórí Bọ̀ọ̀dá Lásísì? Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú oríire." Inú mi dùn, àmọ́ ara mi ò balẹ̀.

Kò pé oṣù kan, wọ́n pè wá sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àdúgbò Under G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì. Ìdun ti gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ wọn. Oògùn tuntun ni wọ́n kó fún wa lọ́jọ́ náà. Mò ń sáré sókè sódò, mò ń pàṣẹ: ìwọ bọ́ síbí, ìwọ bọ́ sọ́hùn-ún... Bọ̀ọ̀dá po tiẹ̀, ó fín in. Nígbà tí wákàtí tí oògùn fi ń rọlẹ̀ pé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà padà wọlé. Ọmọbìnrin kan ṣubú nínú yàrá tí Bọ̀ọ̀dá fín. Ó ń wúkọ́, kò lè mí dáadáa. A sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ sára ike ni Bọ̀ọ̀dá bù.

Ara ọmọ náà yá. Ṣùgbọ́n èmi ni olórí, èmi ni màá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n dá Bọ̀ọ̀dá dúró, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́.

Mi ò rí oorun sùn. Mo wọ mọ́tò lọ bá a. Ó ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé bàbá rẹ̀. Mo kí i. Kó tó dá mi lóhùn, ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?"

Mo ní ara rẹ̀ ti le.

"Alihamudulilahi. Jókòó."

Mi ò jókòó. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ fi bu tó yẹn? Ṣebí ó wà lára ike."

Ó gbé ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Rámọ́tù, mi ò mọ̀wé kà. Àwọn oògùn àtijọ́, ẹnìkan ló kà wọ́n fún mi, mo há wọn sórí. Ti ọjọ́ yẹn... mo fẹ́ bi ọ́. O ti di ọ̀gá. Ojú tì mí."

Ọdún méje, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò mọ̀.

Mo bẹ iléeṣẹ́ títí, wọn ò gbà á padà. Ọ̀yọ́ náà ló kú sí. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, a kì í ṣí ike oògùn kan kí n má kọ́kọ́ kà á sókè fún gbogbo wọn ní Yorùbá, àtẹni tó jáde yunifásítì. Wọ́n á máa kùn pé mò ń fi àkókò ṣòfò. Èmi á máa kà á lọ.

Ayé ìsinsìnyí, fóònù ló ń kà á fún wọn. Ó dáa. Àmọ́ ọmọdé ń di ọ̀gá àgbà lójoojúmọ́, ta ló ń wojú ta ni? Tí wọ́n bá fi yín jẹ olórí, ẹ máa pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ máa dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, bóyá ó ní nǹkan tó fẹ́ bi yín.

Èmi ò dúró... mò ń sáré.