Ìpè Tí Mi Ò Pè

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn kí ẹ jókòó. Donncha, ọmọ mi, pa tẹlifíṣọ̀n. Treasa, ìyàwó ọmọ mi, gbé aṣọ ibùsùn tí ò ń ká yẹn sílẹ̀, kò sí àlejò tó ń bọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Dókítà ti sọ ohun tó sọ, mo sì gbọ́, bí ẹ tilẹ̀ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ní kọ́rídọ̀ bí ẹni pé etí mi ló ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò ní gbé wọ sàréè. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Fáda ti wá, ó ti fi òróró kàn mí lórí, mo sì sọ díẹ̀ fún un, àmọ́ Fáda kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ẹ má sì sunkún fún mi o. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó lọ sunkún ní ilé ìdáná.

Ẹ mọ Aileen, ará Chicago, tó máa ń wá sùn sílé wa lọ́dọọdún, tó ń pè mí ní Àǹtí Gobnait. Ó ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ̀yin rò pé búrẹ́dì mi ló ń fà á wá. Irọ́ ni! Ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ fún bàbá rẹ̀ ló mú un fẹ́ràn mi, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí Hanora bẹ̀rẹ̀, Hanora tó ń gba àlejò sùn lówó ní Gleann Rua lódìkejì òkè, bí èmi náà ṣe ń gbà wọ́n níbí. Mi ò fẹ́ràn obìnrin yẹn rí, mi ò sì ní torí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í díbọ́n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé yìí, ó sọ káàkiri pé aṣọ ibùsùn mi máa ń rin. Aṣọ ibùsùn tèmi! Èmi tí mo máa ń sá wọn sókè sítóòfù kí wọ́n tó kan bẹ́ẹ̀dì! Ẹ sì mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Àlejò tó ń fi mọ́tò yí Kerry ká, onílé tó gbà á lónìí ló máa fóònù sí onílé tí yóò gbà á lọ́la. Ọwọ́ sí ọwọ́ la fi ń gbé wọn, láti Clare títí dé Cork. Wọ́n bá ti ní aṣọ ibùsùn rẹ ń rin, ta ló máa fóònù sí ọ? Yàrá mi ṣófo, Mossie ọkọ mi ti já bọ́ látorí kátakàtà, ó fi ẹ̀yìn ṣèṣe, ẹ̀yin ọmọ sì ń jẹun bí eéṣú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dórí pátákó oríta nìyẹn, pátákó irin tó ń tọ́ka sí Gleann Rua. Mossie fi gírísì pa ìdí rẹ̀, ó fi èjìká tì í, ó kọjú rẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Gobnait, bí wọ́n bá mú wa ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n á ní àwọn ọmọ ìta ni." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì wí. Ní ilẹ̀ wa níbí, pátákó wo ni àwọn ọ̀dọ́ tó ti ilé ọtí ń bọ̀ ò tíì yí rí? Ẹni tó bá ṣìnà dé ẹnu ọ̀nà mi, màá fún un ní tíì gbígbóná, màá ní, "Pẹ̀lẹ́ o, o ti ṣìnà, kúkú sùn síbí." Wọ́n á tún máa dúpẹ́. Bí ẹ bá ń wò mí lójú bóyá ó ń tì mí nítorí pátákó, ẹ sinmi. Kò tì mí. Pátákó yẹn ló rán ìwọ Donncha níléèwé.

Ọ̀rọ̀ ti Batt ló ń dùn mí. Àpọ́n ni Batt, ilé rẹ̀ ló kángun sí ti Hanora, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló sì ní. Con ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bínú lọ sí Chicago láti ìgbà èwe wọn nítorí ilẹ̀ oko bàbá wọn, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà kan wà tí Con wá. Ó bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Shannon, ó dé Limerick lójú ọ̀nà, ìgbéraga gbá a mú, ó yí padà. Batt ti pa àgbébọ̀ dè é. Ajá ló jẹ adìẹ náà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀lé èyí tí Póòpù wá sí ilẹ̀ wa níbí, Con tún ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Aileen ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò wakọ̀, wọn yóò máa sùn láti ilé àlejò kan dé òmíràn, ọ̀dọ̀ Hanora ni wọn yóò sì gúnlẹ̀ sí. Gbogbo ìjọ wa ló mọ ọjọ́ náà. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mi ò sì sọ fún Mossie pé kó dá pátákó padà.

Òjò ń rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí mọ́tò kan yà wọ àgbàlá mi. Bàbá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀, mo wo imú rẹ̀, imú Batt gan-an ni. Ó ń bá ọmọ rẹ̀ jà.

"Mo ní òsì ni! Ṣé mi ò ní òsì ni?"

"Dádì, pátákó ní ọ̀tún. Nígbà tiyín, ṣé ọ̀dà tiẹ̀ wà lójú ọ̀nà?"

"Nígbà tiwa, ọmọ kì í bá bàbá ẹ̀ jiyàn. Ohun tó wà nìyẹn." Ó yíjú sí mi. "Onílé mi, ṣé Gleann Rua rèé?"

Kò jìnnà. Ká ní mo ní "Ẹ yí padà, òsì ni," wọn ì bá ti débẹ̀ kí tíì tó tutù. Àmọ́ bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á ní pátákó ló ṣì wọ́n lọ́nà, Hanora á sì kó gbogbo ayé lọ sí oríta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù, ṣebí òótọ́ là ń sọ: ó wù mí kí Hanora tẹ́ tábìlì kalẹ̀ kó má rí ẹni jẹ ẹ́. Mo ní, "Ẹ ti ṣìnà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀nà ibẹ̀ burú nínú òjò. Ẹ wọlé."

Ẹ̀rù arákùnrin rẹ̀ ń ba Con, ẹnikẹ́ni tó lójú á rí i. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ní, "Onílé mi, ẹ bá mi fóònù sí Hanora. Kó sọ fún Batt pé mo ti dé. Kó sọ fún un pé mi ò yí padà lọ́tẹ̀ yìí." Mo ní kó lọ wẹ̀, màá pè é. Ó gòkè lọ, ó ń kọrin nínú omi.

Ọwọ́ mi ò tíì kan tẹlifóònù tó fi dún. Hanora ni.

"Gobnait, jọ̀ọ́, ará Chicago kan ò gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá? Batt ló wà lọ́dọ̀ mi níbí. Láti ọ̀sán ló ti wọ kóòtù tó fi ń lọ Máàsì."

Mo ń gbọ́ Batt lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bi í dáadáa, Hanora. Sọ fún un pé imú ẹ̀ dà bí tèmi."

Mo wo bàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó gba ibí kọjá." Mo sì gbé e kalẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ẹ má bojú wolẹ̀, ẹ wò mí.

Con sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn. "Ẹ pè é?" Mo ní mo pè é. "Kí ló wí?" Mo ní, "Batt ní kí ẹ sùn dáadáa, òun ń retí yín láàárọ̀." Ó fi táwẹ̀lì bojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Batt ló sọ bẹ́ẹ̀? Òpònú àgbà yẹn!" Nígbà tó di àárọ̀, ó jẹ gbogbo ohun tí mo gbé síwájú rẹ̀, ẹyin, sọ́sééjì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó fi búrẹ́dì nu àwo. Ó dì mọ́ mi kí wọ́n tó lọ. Mossie ti sáré lọ dá pátákó padà.

Fèrèsé tí wọ́n ti fa kọ́tìnì bò ni wọ́n bá nílé Batt. Batt ti kú sórí àga rẹ̀ lóru, tòun ti kóòtù Máàsì.

Mo lọ síbi àìsùn òkú. Ta ni kì í lọ? Con di ọwọ́ mi mú níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Obìnrin yìí ló fóònù. Òun ló jẹ́ kí arákùnrin mi mọ̀ pé mo dé kó tó kú." Hanora ló gbé ìkòkò tíì lọ́wọ́. Ó wò mí. Mo ní lọ́kàn mi, ó parí, ó ti tú mi fó. Hanora ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Con. Gobnait pè. Inú Batt dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó." Ó sì bu tíì fún un.

Ó bá mi lẹ́yìn ilé. "Ṣé o fẹ́ mọ ohun tí Batt wí lóòótọ́? Ó ní, 'Ó tún ti yí padà.' Ó lọ sílé, ó dá ife kejì padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí Con ni mo ṣe bò ọ́, kì í ṣe nítorí tìẹ. Ìwọ nìkan ni o máa rù ú." Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ fún ẹ̀dá kan. Ohun tí mi ò lè forí jì í nìyẹn! Ká ní ó pariwo, à bá jà, à bá tán án níbẹ̀.

Ṣé èmi ni mo pa Batt? Rárá. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì ní gba èyí tí kì í ṣe tèmi. Àmọ́ ohun tó gbà gbọ́ nígbà tó ń kú, tèmi ni. Donncha, mo rí i pé o fẹ́ sọ̀rọ̀. O fẹ́ ní, "Màmá, Con ti kú tayọ̀tayọ̀, ẹ má ba inú ọmọ rẹ̀ jẹ́." Èmi náà ti ń fi ìyẹn tan ara mi jẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àmọ́ ta ló máa sọ fún Aileen pé láti ọ̀sán ni Batt ti wọ kóòtù? Ta ló máa sọ fún un pé Batt ní imú bàbá rẹ̀ dà bí tòun? Èmi àti Hanora nìkan la gbọ́ ọ, ó sì ti di arúgbó bíi tèmi. Mi ò lè fún ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ yẹn kí n má sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Bó bá fẹ́ ṣépè fún mi, kó ṣẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kó dárí jì mí, àmọ́ mi ò ní fi ẹkún rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àti ìwọ Treasa, bí àlejò bá ní kí o bá òun fóònù, fóònù lójú ẹ̀.

Donncha, mú fóònù rẹ. Pe Hanora. Má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ní pè é! Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Aileen máa sùn ní Sátidé, ibẹ̀ ló yẹ kó ti sùn láti ọjọ́ náà. Gbé e wá. Gbé e sí mi létí.

Hanora? Gobnait ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ará Chicago kan gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Sọ fún Batt.