Ewúro Ẹnu Atẹ̀lémọ

Ẹ jókòó dáadáa. Láníhùn, má wojú mi báyẹn. Ìwọ tí o na ọmọ rẹ láàárọ̀ torí pé ó pa ìṣirò tí ò ń kọ́ ọ tì, tó ń wo èèrà, tìẹ gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ní ayé àtijọ́, kí ilé yìí tó ní orúkọ rárá, Ògúnṣakin, baba ńlá wa, ló tẹ ibi tí a jókòó sí yìí dó. Alágbẹ̀dẹ ni. Ó rọ ọkọ́, ó rọ àdá, irin ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo àgbẹ̀ àgbègbè yìí fi ń roko. Ṣùgbọ́n ọmọ ò dúró fún un. Wọ́n ń bí, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bí, wọ́n ń lọ. Nígbà tí ọ̀kan wá dúró, wọ́n sọ ọ́ ní Bánjókòó.

Bánjókòó dàgbà, amọ̀ ló fẹ́. Amọ̀ ṣáá! Bí baba rẹ̀ bá ní kó wá fi ẹwìrì fẹ́ná, etí odò ni ẹ ó ti bá a lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò, tí amọ̀ ti kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́.

Ìyá rẹ̀ ní, "Baba Bánjókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́."

Ògúnṣakin ní, "Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan kì í mọ ìkòkò! Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi, bí kò bá gba ọmọ owú tí mo fi ń lu irin lọ́wọ́ mi, ta ni yóò gbà á?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, baba wa ò burú o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó fi okùn so ọmọ náà lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó àgbẹ̀dẹ, ó ní kó máa fẹ́ná títí òun yóò fi kó èédú dé.

Iná ta sí koríko òrùlé. Áà! Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Kí Ògúnṣakin tó dé, òrùlé ti wó, okùn ò sì jẹ́ kí ọmọ ráyè sá.

Nígbà tí wọ́n ń kó eérú, wọ́n rí ère kékeré kan nídìí òpó. Amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ojú ààrò ni ọmọ náà bù, tó fi mọ ọkùnrin kan tó gbé ọmọ owú sókè, pẹ̀lú àpá lábẹ́ ojú òsì bíi ti Ògúnṣakin gẹ́lẹ́. Baba rẹ̀ ló ń mọ níbi tí wọ́n so ó mọ́. Iná tó pa ọmọ ló sun ère náà le. Ògúnṣakin gbé e mọ́yà, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni àbámọ̀ jí dìde rí?

Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó bí Rẹ̀mílẹ́kún. Nígbà tí ìyẹn mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, Ògúnṣakin já ewúro, ó dì í sẹ́nu kó má baà lè pàṣẹ, ó wá ń tẹ̀lé ọmọ kiri láti òwúrọ̀. Àwọn ará ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ wo àgbààyà tí ọmọ ń dà kiri bí ewúrẹ́!" Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣáà ń tẹ̀lé ọmọ lọ. Ìdí òfì ìyá arúgbó kan ni ọmọ náà dúró sí, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Baba jókòó tì í. Rẹ̀mílẹ́kún yìí ló kọ́kọ́ hunṣọ nínú ilé wa, òun ló sì bí gbogbo wa.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní Ilé Atẹ̀lémọ. Baba yòówù ní ilé yìí gbọ́dọ̀ di ewúro sẹ́nu, kó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan gbáko, kó tó kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ta ló ń ṣe é mọ́? Ẹ ń já ewé, ẹ ń tu ú dànù lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti sú mi. Bí mo bá kú, ó tán nìyẹn.

Ère náà rèé. Gbà á, Láníhùn, wò ó dáadáa. Ọmọ rẹ ńkọ́?

"Mo tì í mọ́lé, Bàbá, kó lè parí ìṣirò rẹ̀."

Háà! Dìde, lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Ewúro wà lẹ́yìnkùlé.