Bọ̀dá Lágúnjú Ní Lórí Tàwọn, Ó Ń Ṣiṣẹ́

Kọ̀ǹpáílà tún dá iṣẹ́ mi padà láàárọ̀ yìí, Màmá, bọ̀dá Lágúnjú ọmọ yín sì sọ níṣojú gbogbo ọ́fíìsì pé èmi Ọmọ́ṣaléwá ni mi ò fara balẹ̀. Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀yin lẹ gbà mí sílé ní Ìrémọ níbí, ẹ̀yin náà lẹ bí wọn, ta ni kí n tún fẹjọ́ wọn sùn?

Kí ló ń jẹ́ kọ̀ǹpáílà? Àwa a tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń sọ ọ́ di ètò tó lè ṣiṣẹ́. Bí ohun kan bá kù, á dúró, á figbe ta. Ó ní òun ò rí ohun tí mo ní kó pè, bẹ́ẹ̀ mo ń wò ó kòrókòró lórí kọ̀ǹpútà Khàdíjàh tó jókòó tì mí! Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ohun kan náà ló ń wí. Mo bi bọ̀dá. "Lórí tèmi, ó ń ṣiṣẹ́." Ìdáhùn nìyẹn? Ṣé kọ̀ǹpútà tiwọn ni wọ́n fẹ́ gbé fún ilé ìwòsàn Ẹnuwá kí wọ́n máa fi gba aláìsàn ni? Ìrọ̀lẹ́ òní ni ètò náà gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀gá ti ní kí n má padà wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Ó parọ́ mọ́ mi, bọ̀dá yẹn, Màmá! Ẹ má bínú, wọ́n, wọ́n ni mo fẹ́ wí. Nítorí dátà tó wọ́n, inú fúláàṣì bọ̀dá ni gbogbo ọ́fíìsì ti ń kó àwọn fáìlì tí ètò náà nílò. Èmi nìkan ni mo kó tèmi látorí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe yẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn o! Mo wá fi tèmi wé ti Khàdíjàh, fáìlì kan ṣoṣo ló yàtọ̀, inú ẹ̀ sì ni ohun tí kọ̀ǹpáílà ń wá wà. Bọ̀dá ló fọwọ́ ara wọn tún un ṣe, wọn ò sọ fún ẹnì kan, orúkọ wọn sì wà lórí ẹ̀ gbàgàdà.

Kí n da ti Khàdíjàh kọ? Mo ti ṣe é, Màmá, ó sì gbà lórí tèmi. Àmọ́ ilé ìwòsàn kì í jẹ́ ká ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà wọn. Ibi tí ọ́fíìsì ń kó iṣẹ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń mú tirẹ̀, bọ̀dá nìkan ló sì lè fi nǹkan síbẹ̀. Kí n wá dìde níwájú ọ̀gá kí n ní ẹ̀gbọ́n ń purọ́? Ta ló kọ́ mi nírú ẹ̀ nílé?

Ẹ bá mi pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo wà. Rárá o, mi ò bú yín. Ẹ̀n-ẹ́n? Háà! Bọ̀dá!

Ẹ gbọ́ o? Wọ́n ní àwọn á fi síbẹ̀, bí mo bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sí wáàsáàpù ọ́fíìsì pé èmi ni mo ṣi fáìlì mú. Èmi! Ẹ̀yin náà ní kí n kọ ọ́? Torí pé ẹ̀gbọ́n ni wọ́n? Ọjọ́ wo ni wọn ò wá ní í jẹ́ ẹ̀gbọ́n? Olúwa ń wo gbogbo wa o!

Ó dáa. Mo ti kọ ọ́.

Bọ̀dá ti fi àtàǹpàkò sí i. Wọ́n ti gbé fáìlì náà síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ti gbà á, kò sì sí àṣìṣe kankan.